Ojú Àlejò, Àpò Àlejò

Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Onílé ni òwe yẹn ń ṣàánú. Àlejò dé lọ́sàn-án gangan, kò sí ẹran nílé, ìyàwó ilé gba ẹ̀yìnkùlé yọ sí ilé kejì, ó yá àkùkọ kan, ó gba ẹ̀lúbọ́ àwìn, ó sì fẹ̀rín wọ pálọ̀ padà. Àlejò jẹ, ó yó, ó ṣanwọ́, ó gbàdúrà pé oúnjẹ kò ní tán nínú ilé náà, ó sì lọ. Kò tíì yí kọ́nà tán tí ẹni tó ni àkùkọ fi kan ilẹ̀kùn.

Ohun ọ̀ṣọ́ inú pálọ̀ náà, ọrùn onílé ló wà. Ẹ rántí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì yẹn, èyí tí wọ́n to àwo tánganran sí, tí ọmọ ilé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ife olódòdó mẹ́fà wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì bu omi sí rí, àlejò pàtàkì ni wọ́n ń dúró dè. Aago ńlá wà lára ògiri, kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́rin sẹ́yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítorí pé fọ́tò ọba wà lára rẹ̀, fọ́tò bàbá àgbà sì wà lókè pátápátá, ó tẹjú mọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé. Àlejò wo gbogbo rẹ̀ tẹ́rùn, kò san kọ́bọ̀.

Òwe náà kò kú o. Ó kàn yí ẹ̀gbẹ́ dà ni. Ní Ìbàdàn tuntun, láti Ring Road dé Challenge, àlejò ló ń jẹ gbèsè lójú onílé báyìí, ẹ̀yìn tó bá sì ti délé ló ń san án, pẹ̀lú èlé.

Kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fi ilé ìtura òun ṣe yẹ̀yẹ́, mo ti kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì tèmi. Gègé ni mo fi kọ́ ọ. Kò gba sìmẹ́ǹtì, kò gba àṣẹ ìjọba, àwọn ọmọ onílẹ̀ kò sì rí mi gbà lówó. Àwọn ohun tí mo kó sínú rẹ̀, kò sí èyí tí ojú yín kò tíì rí níbì kan. Challenge ni mo fi í sí, nítorí pé Challenge gba ohun gbogbo. Ilé ìtàwé àwọn ajíhìnrere SIM ni àdúgbò náà ti gba orúkọ, àwọn kan náà tí wọ́n ń gbé ìwé ìròyìn African Challenge jáde láti 1951. Àwọn tó ń wá ìwé ló ń lọ síbẹ̀ nígbà náà. Lónìí, ọkọ̀ Èkó ń pe èrò, ṣọ́ọ̀ṣì ń pe ọkàn, ibùdókọ̀ ńlá tí ìjọba Gómìnà Mákindé kọ́ ń tàn yanran, ẹni tó bá sì gba ojú títì wá láti Èkó láti wá fi òpin ọ̀sẹ̀ sinmi, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bà. Irú àlejò yẹn ni mo kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì mi dè.

Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èmi sọ àwọn yàrá mi lórúkọ tán kí n tó wo ilé. Yàrá Paris wà, wọ́n lẹ ilé gogoro Eiffel mọ́ ògiri láti òkè dé ilẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí jẹnẹrétọ̀. Yàrá Òfurufú wà, fèrèsé rẹ̀ rí róbótó, orí ìyẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí, a kò sì fún àlejò ní ohun tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ amúlétutù nítorí pé awakọ̀ nìkan ló gbọdọ̀ fọwọ́ kan irú rẹ̀. Awakọ̀ wà nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba owó. Yàrá Ọ̀yọ́ Ilé ní ìlù bàtá méjì tí a fi ṣe tábìlì. Ẹ má lù wọ́n, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ awọ mọ́ wọn. Yàrá Igbó Kìjikìji ló gbayì jù. Àmọ̀tẹ́kùn onírọ́bà lúgọ sí kọ̀rọ̀, ewé onírọ́bà bo àjà, ẹ̀rọ kékeré kan ń ké bí ẹyẹ. Ẹ̀fọn nìkan ni ẹranko tó wà láàyè nínú yàrá náà.

Balùwẹ̀ ńkọ́? Ìkòkò amọ̀ la fi ṣe àwo ìfọwọ́. Ó rẹwà débi pé ènìyàn lè gbàgbé pé omi kò yọ. Ọlọ ìyá àgbà kan, ọlọ tó ti lọ ata fún ìran mẹ́ta, wà lára ògiri, a ta iná sí i lẹ́yìn. Ata tí a ń jẹ nísàlẹ̀ nílé oúnjẹ, inú ike ló ti wá.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú nǹkan yìí ń ṣe. Ní California, wọ́n ṣí Madonna Inn ní 1958. Yàrá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àrà tirẹ̀, òmíràn nínú wọn sì rí bí ihò àpáta, kí olówó lè sùn bí ẹni tí kò nílé. Ní Nairobi, ilé kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1932, Giraffe Manor lorúkọ rẹ̀. Àgùnfọn máa ń ki ọrùn bọ ojú fèrèsé láàárọ̀, yóò sì bá àlejò dá sí oúnjẹ. Ènìyàn wọ ọkọ̀ òfurufú láti ìlú òkèèrè, ó san owó gọbọi, kí ẹranko lè wá pín oúnjẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ewúrẹ́ Ìbàdàn ti ń ṣe èyí fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, igi la sì fi ń lé e. Ní Paris gan-an, láti 2004, ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Dans le Noir ń bọ́ ènìyàn nínú òkùnkùn biribiri; àwọn afọ́jú ló ń gbé oúnjẹ fún àlejò, ẹnikẹ́ni kò sì lè ya fọ́tò. Àwọn tí a ṣì ń pè ní NEPA ti fún gbogbo àdúgbò ní irú oúnjẹ alẹ́ bẹ́ẹ̀ kí Faransé tó gbọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Challenge, ebi ń pa wá.

Ilé oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì mi kò ní àga lásán. A gé ọkọ̀ Mícrà kan sí méjì, a fi iwájú rẹ̀ ṣe ibi ìtọtí, a fi ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe àga fún ẹni mẹ́ta. Ìyẹn ló jọ òótọ́ jù, nítorí pé ó fún ènìyàn mọ́ra dáadáa. A so jáńgílọ́fà mọ́ àjà fún àwọn olólùfẹ́. A to odó kéékèèké yí tábìlì kan ká, ká máa jókòó lé wọn. Ìyá àgbà wo tó bá ọmọ lórí odó tí kò ní pariwo pé èèwọ̀ ni? Ṣùgbọ́n ní Challenge, owó ni a fi ń ra àyè láti jókòó lé èèwọ̀. Ògiri kan wà lọ́tọ̀ tí a fi koríko onírọ́bà bò, a fi iná pupa kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí i lára, ọ̀rọ̀ nípa jọ̀lọ́ọ̀fù àti ìfẹ́. Iwájú ògiri yẹn ni gbogbo oúnjẹ ń kọ́kọ́ lọ kí ó tó lọ sí ẹnu.

Bàbá kan dé, ẹni àádọ́rin ọdún, ọmọ rẹ̀ gbé e wá ṣe ọjọ́ ìbí. Wọ́n gbé e sórí jáńgílọ́fà. Ó fi ọwọ́ òsì di okùn mú. Wọ́n gbé àmàlà rẹ̀ dé lórí òkúta pẹlẹbẹ dúdú kan, nítorí pé àwo ti di ohun àtijọ́. Àmàlà náà kéré, ó rí róbótó, ó jókòó sí àárín gbùngbùn. Ewédú wà nínú ife gíláàsì tí a fi ń wọn oògùn ọmọdé. Gbẹ̀gìrì, wọ́n fi ṣíbí fà á gbọọrọ lórí òkúta, ìlà kan ṣoṣo. Pọ̀nmọ́ ẹyọ kan wà tí wọ́n gbẹ́ bí òdòdó. Ẹ̀lúbọ́ gbígbẹ díẹ̀ wà létí rẹ̀, wọ́n ní kí àlejò lè mọ ibi tí àmàlà ti wá.

Bàbá fẹ́ bu òkèlè. Ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ náà wá na ọwọ́.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n yà yín ní fọ́tò ná.”

“Kí lo fẹ́ fi fọ́tò àmàlà ṣe, ọmọ mi?”

“Ẹ̀yin àti àmàlà ni, Dádì. Ẹ máa gbé e sí Instagram yín, ẹ ó wá dárúkọ wa níbẹ̀.”

“Ṣé ẹ máa wá dín owó rẹ̀ kù ni?”

“Háà, rárá o, Dádì. Ẹ̀yin lẹ ó bá wa polówó.”

Nígbà tí fọ́tò fi parí, àmàlà ti tutù, awọ ti bò ó lójú. Gbẹ̀gìrì ti ṣàn dé etí òkúta, ó ń kán sí agbádá. Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún bu òkèlè, jáńgílọ́fà sún sẹ́yìn, ewédú dà sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Fídíò rẹ̀ dára púpọ̀.

Owó dé. Àmàlà, iye kan. Jáńgílọ́fà, iye kan, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ mìíràn. Owó iṣẹ́ àwọn agbóúnjẹ. Owó orí VAT, ìdá méje àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 7.5, tó ti wà bẹ́ẹ̀ láti oṣù Èrèlé 2020. Àpapọ̀ rẹ̀ yóò bọ́ odindi ìdílé yó ní Àmàlà Skye ní Bódìjà, ibi tí kò sí koríko onírọ́bà lára ògiri. Ẹ ṣáà wo ìyẹn náà: báǹkì tó wà nítòsí ni ilé àmàlà náà ti gba orúkọ. Báǹkì Skye di Polaris ní 2018, orúkọ rẹ̀ kúrò lára ilé, àmàlà sì ń bẹ níbẹ̀, ó ń jẹ́ Skye lọ. Oúnjẹ ló gbé e ró. Kò sí ẹni tó lọ síbẹ̀ nítorí àga.

A máa ń sọ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ní hòtẹ́ẹ̀lì mi, àga tó rẹwà, owó ọbẹ̀ ló pa á.

N kò ní kí ẹ kórìíra ọ̀ṣọ́. Yorùbá wo ni yóò kórìíra ọ̀ṣọ́? Ẹ wo ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tí Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Àlejò gan-an ló wà lára rẹ̀: Ọ̀gágun Ambrose, òyìnbó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá, wọ́n gbé e rù bọ̀ lórí àga ìgbéni, Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, jókòó lórí ìtẹ́ ní tirẹ̀, adé wà lórí, ó ń wò ó bọ̀. Àwọn ère ara ilẹ̀kùn náà yọ síta débi pé ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ń bá àwọn ènìyàn inú rẹ̀ rìn. Ẹni tó bá dé iwájú ilẹ̀kùn yẹn láyé ìgbà náà, yóò rí bí wọ́n ṣe gba àlejò tó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀ṣọ́ tó ń sọ ìtàn onílé fún àlejò nìyẹn, onílé ló sì san owó gbẹ́nàgbẹ́nà. Ní 1924 wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ẹ, ọba kò tà á, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. London ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní. Àlejò tó jẹun tán, tó gbé ilẹ̀kùn lọ: gbèsè yẹn kò tíì san tán.

Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń fi ọ̀ṣọ́ bọ́ ènìyàn. Ní 1961, Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo, Ezekiel Mphahlele àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣí Mbari, ilé ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, sí Dùgbẹ̀, nínú ọgbà ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì kan tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán kọ́ sára ògiri, wọ́n ń ṣe eré lábẹ́ ìràwọ̀. Lọ́dún kejì, Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo di Mbari Mbayo. Ẹni tó yà síbẹ̀ nítorí ọtí, eré ló bá. Kò sí ẹni tó ní kó wá dúró síwájú koríko.

Demas Nwoko ńkọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Mbari yẹn? Òun ló ya àwòrán Gbọ̀ngàn Àṣà ní Mọ́kọ́lá, òun ló kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn wa yìí. Ilẹ̀ pupa abẹ́ ẹsẹ̀ wa ló pò mọ́ sìmẹ́ǹtì. Ihò tí ẹ rí lára ògiri rẹ̀ tí ẹ pè ní ọ̀ṣọ́, afẹ́fẹ́ ló ń gba ibẹ̀ wọlé, ìmọ́lẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ní 2023, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀ ní Venice. Yàrá Òfurufú tèmi, bí iná bá lọ fún wákàtí kan, àlejò a bọ́ aṣọ. Àwòrán ihò la kùn sí ògiri níbẹ̀, a kò dá ihò.

Mo mọ ohun tí oníhòtẹ́ẹ̀lì yóò sọ, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́. Láti oṣù Igbe 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná Band A lọ sí náírà 225 fún kílówáàtì kan fún wákàtí kan, iná olówó pọ́ọ́kú kọ́ ni ẹnikẹ́ni ń tàn mọ́. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Káfíńtà rí iṣẹ́, wẹ́dà tó gé Mícrà rí iṣẹ́, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tó kun ògiri rí owó ilé san. Hòtẹ́ẹ̀lì tí kò ní àrà kan, ta ni yóò mọ̀ ọ́n láàárín ẹgbàágbèje tó wà láti Mọ́lété dé Fẹ́lẹ́lẹ̀? Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo fara mọ́ wẹ́dà. Ohun tí n kò fara mọ́ ni pé kí iye tí ó yẹ kí a fi ra ẹran lọ sí ara ògiri, kí àlejò tún wá san owó ògiri, kí ó sì tún fi fóònù ara rẹ̀ àti dátà ara rẹ̀ ṣe alágbàṣe ìpolówó fún ẹni tó gba owó náà. Òwe wa fi ìnira sí ọrùn onílé nítorí pé ilé tirẹ̀ ni, òun náà ló sì ń gba orúkọ. Ẹ̀yin oníhòtẹ́ẹ̀lì gba orúkọ, ẹ gba owó, ẹ wá fi ìnira sílẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn.

Gbèsè náà kì í ṣe àfiwé lásán. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń yá owó nínú fóònù láti sun oorun alẹ́ kan ní Yàrá Paris. Owó náà ń wọlé kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ọ̀sẹ̀ kan péré ni, èlé rẹ̀ sì ń sáré. Ẹni tó ni àkùkọ láyé àtijọ́, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ń kàn. Olówó inú fóònù ń kan ilẹ̀kùn gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ rẹ: pásítọ̀ rẹ, ọ̀gá rẹ, àna rẹ. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan lára wọn ní Èkó ní 2022, wọ́n sì gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ kalẹ̀ fún wọn lọ́dún kan náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ gbèsè fi dé etí àna, fọ́tò Yàrá Paris ṣì wà lórí Instagram, ọgọ́ta ènìyàn ti fẹ́ràn rẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dá owó.

Àlejò bí òkété là ń fi ẹ̀kùrọ́ lọ̀. Àwa ya àwòrán ẹ̀kùrọ́ sí ògiri, a ta iná pupa sí i, a ní kí òkété wá dúró níwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin oníhòtẹ́ẹ̀lì Challenge, Ring Road àti Bódìjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ so jáńgílọ́fà tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ fún àmàlà ní àwo tó ní etí, ẹ kọ iye owó sára mẹ́nù, ẹ sì sọ ọlọ yẹn kalẹ̀ kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá sinmi, kí ẹ tó gbé fóònù sókè, ẹ ṣí omi ẹ̀rọ wò, ẹ tẹ bẹ́ẹ̀dì wò, ẹ béèrè iye tí ẹ máa san pátápátá. Bí omi bá dà, ẹ ya fọ́tò tẹ́ ẹ bá fẹ́. Bí kò bá dà, ẹ gbé báàgì yín; ọkọ̀ kò wọ́n ní Challenge.